Ọ̀wẹ̀ ni tàbí àáró? Owó àti agbára tí a ń fún ẹgbẹ́ òṣèlú ní àdúgbò wa

Bí àgbà kan bá kú ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tí í dúró de ìjọba kí a tó sin ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ọmọ ìyá á ti jókòó, àwọn ẹgbẹ́ á ti pé, akọ̀wé ẹbí á ti ṣí ìwé, á máa kọ orúkọ, á máa kọ iye, títí owó pósí, owó oúnjẹ àti owó àwọn onílù yóò fi pé. Ẹni tí kò rí owó a gbé iṣu wá; ẹni tí kò ní iṣu a wá pọnmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń kan òrùlé mọ́ṣáláṣí, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kun ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn òbí ṣe kọ́ ju yàrá ìkàwé kan lọ ní agbègbè wa nígbà tí owó ìjọba pẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹgbẹ́ òṣèlú, gbogbo wa a káwọ́ gbera, a kọjú sí ọ̀nà Kútọnù, a máa retí ọkọ̀ tí yóò gbé owó bọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò. A kò kọ̀wé yìí láti polówó ẹgbẹ́ kan tàbí láti ba òmíràn jẹ́. Olùkọ́ kọlẹ́ẹ̀jì ni wá. Lára àwọn òbí tí ó gbé ọmọ wọn lé wa lọ́wọ́, àwọn kan ń dìbò fún igi oṣè, àwọn kan fún ẹṣin, àwọn kan kò fẹ́ràn èyíkéyìí nínú méjèèjì, ọ̀wọ̀ kan náà ni a sì jẹ gbogbo wọn. Ohun tí ó kàn wá ni bí a ṣe ń wọ inú ẹgbẹ́, ohun tí a ń mú lọ́wọ́ wọlé, àti ohun tí a lè béèrè nígbà tí a bá ti jókòó.

Àwọn àgbẹ̀ wa mọ oríṣi ìrànlọ́wọ́ méjì, wọn kì í sì í pe ọ̀kan ní èkejì. Àáró ni èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ fi ń ṣiṣẹ́ yípo: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Kò sí ẹni tí ó lè gba ọjọ́ tirẹ̀ kí ó má san án padà. Bí ó bá ṣàìsàn, àbúrò rẹ̀ ni yóò gbé ọkọ́ wá dípò rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni oko tàbí ilé tí a fẹ́ kọ́. Òun ni ó ránṣẹ́ pè wá, òun ni ó pa ewúrẹ́, òun ni ó gbé ẹmu kalẹ̀. A ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi wọ̀, a jẹ, a mu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Iṣu tí ó bá ta nínú oko náà, ti ẹni tí ó pe ọ̀wẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí yóò padà lọ bá a nígbà ìkórè láti bi í pé ìdì mélòó ni tiwa níbẹ̀, nítorí a ti jẹ ewúrẹ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèlú ní àwọn ìlú wa, ọ̀wẹ̀ ni. Ẹni tí ó fẹ́ di aṣòfin tàbí olórí kọmúùnù ni ó ni oko. Ó ra aṣọ, ó háyà ọkọ̀, ó san owó epo fún àwọn ọlọ́kadà tí a ń pè ní zémíjàn, ó se oúnjẹ. A jó, a pariwo, a dìbò. Lẹ́yìn èyí a ń kùn pé a kò rí i mọ́. Kí ni a fẹ́ wá rí i fún? Ó ti sanwó iṣẹ́ wa kí a tó ṣe é.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀ jìnnà díẹ̀. Ní ọdún 1945, nígbà tí ilẹ̀ Faransé gbà kí Dàhòmẹ̀ rán aṣojú lọ sí ìgbìmọ̀ tí yóò kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní Paris, àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ ìdìbò kò pọ̀ rárá: òṣìṣẹ́ ìjọba, ìjòyè, ẹni tí ó ti sin ológun, ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, ni wọ́n yàn, òun àti Àlùfáà Francis Aupiais, tí ó kú kí ọdún náà tó parí. Ní ọdún 1946 ni Union Progressiste Dahoméenne dìde, tí ó fẹ́ kó gbogbo ilẹ̀ náà pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Kò pé ọdún mẹ́fà tí ó fi tú ká. Ní 1951 Apithy dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, Hubert Maga dá tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará àríwá. Nígbà tí ó di 1955, Justin Ahomadegbé náà ti ní Union Démocratique Dahoméenne. Agbègbè mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́ta. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè borí ara wọn, wọ́n gbà ní 1970 láti máa jẹ Ààrẹ yípo, ọdún méjì méjì. Ẹ ò rí i pé àwọn ọ̀gá pàápàá mọ àáró, láàárín ara wọn! Maga lo tirẹ̀ tán, Ahomadegbé gùn orí oyè ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, àwọn ológun sì gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà. Yípo kò dé ọ̀dọ̀ Apithy mọ́.

Ìgbà ìjọba Kérékou mú ohun mìíràn wá. Láti 1975, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà, PRPB, wọ́n sì kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ gbára lé agbára ara wa. Ọ̀rọ̀ náà dára. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí ó ro oko ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà ṣì lè sọ iye poro tí ó kan kíláàsì wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò lè kọ̀ kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, owó tí a kò lè béèrè ìṣirò rẹ̀ kì í sì í ṣe ìdáwó. A rò pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ti kórìíra kí ẹnikẹ́ni máa gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí báńkì wó, tí owó oṣù dúró, tí àpérò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè sì wáyé ní oṣù kejì ọdún 1990, ẹgbẹ́ òṣèlú hù bí olú lẹ́yìn òjò. Òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà sọ ní abala 5 pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wà láti ran àwọn ará ìlú lọ́wọ́ kí ohùn wọn lè jáde nínú ìbò, àti pé wọ́n lómìnira láti dá ara wọn sílẹ̀. Kò pẹ́ tí iye wọn fi kọjá ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju alága kan, òǹtẹ̀ kan àti yàrá kan ní Kútọnù lọ.

Ohun tí òfin ọdún 2018 fẹ́ wò sàn nìyẹn. Ìwé ìlànà àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ní kí ẹgbẹ́ tó lè forúkọ sílẹ̀, kí ó ní olùdásílẹ̀ 15 nínú kọmúùnù kọ̀ọ̀kan. Kọmúùnù 77 ni a ní. Ìsirò rẹ̀ jẹ́ ènìyàn 1.155. Èrò náà kò burú: kí ẹgbẹ́ ní gbòǹgbò ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ bí ó ti ní i ní Kútọnù. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò tí ó tẹ̀ lé e ní kí àkójọ orúkọ kọ̀ọ̀kan fi owó ìdúró mílíọ̀nù 249 fráǹkì sílẹ̀ kí ó tó lè jáde fún ìbò aṣòfin ti 2019. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò tí a máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá dá 500 fráǹkì, yóò gba ènìyàn 498.000 kí owó náà tó pé. Òfin kan náà tí ó ń wá gbòǹgbò tún sọ ọ́ di dandan kí ẹgbẹ́ lọ wá ọlọ́rọ̀ tí yóò gbé e. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ni orúkọ wọn wà lórí ìwé ìdìbò, bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ni ó sì jáde. Ṣábẹ̀ẹ́ kò tíì gbàgbé oṣù kẹfà tí ó tẹ̀ lé e. A kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níhìn-ín. Ní ìbò oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ mẹ́ta ni ó rí ìjókòó 109 pín: Union Progressiste le Renouveau gba 53, Bloc Républicain 28, Les Démocrates 28.

Ní Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ní adùn àti ìkorò tirẹ̀. Ẹgbẹ́ PRD ti Adrien Houngbédji, tí òṣùmàrè jẹ́ àmì rẹ̀, ti wà níbẹ̀ láti 1990. A mọ agbo ilé tí baba, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti dìbò fún òṣùmàrè láìbéèrè kọ́bọ̀. Ní 2022, PRD dara pọ̀ mọ́ Union Progressiste, òṣùmàrè sì di igi oṣè. Bóyá ó dára, bóyá kò dára, àwọn olóye á máa jà sí i. Ohun tí ó kàn wá ni ìbéèrè tí àgbà kan ní àdúgbò bi wá nígbà náà: ọgbọ̀n ọdún ni òun ti ń jáde fún ẹgbẹ́ yìí, ìwé wo ni orúkọ òun wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ì bá fi wá òun kàn kí wọ́n tó yí àmì padà? A kò rí èsì fún un. Kò san owó ọmọ ẹgbẹ́ rí, wọn kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ olóyè ẹgbẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí.

Àwọn kan á ní Yorùbá ìlà oòrùn ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Lóòótọ́ ni Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Action Group, ní ẹ̀ka káàkiri láti 1951, tí àwọn olùkọ́ àti oníṣòwò sì ń fi agbára wọn sìn ín. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker ti 1962 sọ nínú ìròyìn rẹ̀ pé owó àjọ tí ó ń ta kòkó fún àwọn àgbẹ̀ gba inú ilé-iṣẹ́ kan kọjá dé àpò ẹgbẹ́ náà. Owó àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò mọ̀ pé òun dá a. Ní Tógò, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1958, ẹgbẹ́ CUT ti Sylvanus Olympio borí nínú ìbò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé rán ènìyàn wá ṣọ́, àwọn obìnrin ọlọ́jà Lomé sì wà lára àwọn tí ó dúró tì í gbágbágbá. Àwọn ìyá Àtàkpàmẹ́ tí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí lè sọ jù bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Kí ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní àdúgbò ń ná owó sí ní tòótọ́? Kò tó bí a ṣe ń rò. Yàrá kan láti pàdé; àga; ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti epo rẹ̀; ìwé ńlá kan àti bíìkì; owó ọkọ̀ fún ẹni tí yóò lọ sí ìpàdé ní Pọ́bẹ̀ tàbí ní Dasà. Bí ènìyàn ọgọ́ta bá ń dá 200 fráǹkì lóṣù, 12.000 ni lóṣù, 144.000 lọ́dún. Owó yìí kò lè ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n yóò mú kí ẹ̀ka lè pe ìpàdé nígbà tí ó bá wù ú, láìtọrọ. Ẹ̀ka tí ó ní láti tọrọ owó àga lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ jókòó lé ìlú lórí kò lè pe ìpàdé láti bá onítọ̀hún wí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a jókòó gẹ́gẹ́ bí àlejò ní ìpàdé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní apá Kétu. A kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ni, 300 fráǹkì lóṣù mẹ́ta, akápò sì dìde láti ka ìnáwó. Ó kà á dé ibi àga ogójì tí wọ́n yá, 4.000 fráǹkì. Ìyá kan tí ó ń ta àkàsà gbé ọwọ́ sókè.

“Alága wa, ẹ má bínú o. Àga wo la yá? Àwọn àga tí a jókòó lé lọ́jọ́ náà, ti ìjọ wa ni. Ọmọ mi ló fi ọmọlanke gbé wọn wá.”

Alága rẹ́rìn-ín. “Ìyá wa, ẹ jókòó, ẹ sinmi. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn.”

“Mo mọ̀ pé ó kéré, bàbá. Ọ̀ọ́dúnrún fráǹkì mi tó wà nínú rẹ̀ náà kéré.”

Ilé pa lọ́lọ́. Akápò kò jalè. Ó ṣàlàyé pé epo ẹ̀rọ iná tí ó gbé gbohùngbohùn ni owó náà bá lọ, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè, àyè àga wà, àyè epo kò sí. Wọ́n pa àga rẹ́, wọ́n kọ epo. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ohun tí àwọn tí ó jókòó tì wá wá sọ fún wa lẹ́yìn ìpàdé ni ó dùn mọ́ wa jù: pé ní ìbò tí ó kọjá, olùdíje kan fi àpò ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kan náà, owó inú rẹ̀ fi ìlọ́po ìlọ́po ju 4.000 lọ, alága pín in bí ó ti wù ú, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ohunkóhun. Ìyá aláàkàsà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Kò sọ̀rọ̀, nítorí kò sí ọ̀ọ́dúnrún tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Òfin mọ ewu ẹ̀bùn. Òfin ìdìbò wa ti pẹ́ tí ó ti ka nǹkan tí a kò gbọ́dọ̀ pín léèwọ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìbò: aṣọ, tíṣáàtì, ohun èlò ilé ìdáná, bíìkì, ohun tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́, kàlẹ́ńdà, àti owó tàbí ẹ̀bùn yòówù tí a bá fi fa ojú olùdìbò mọ́ra. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ilé wa dunjú. Ẹ wo ògiri pálọ̀ èyíkéyìí kí ẹ ka iye kàlẹ́ńdà tí ọdún wọn ti kọjá. Òfin náà kò sọ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ má fún ẹgbẹ́ ní nǹkan. Ìwé ìlànà àwọn ẹgbẹ́ ka owó ọmọ ẹgbẹ́ àti ọrẹ mọ́ ohun tí ẹgbẹ́ lè máa fi gbé ara rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa gbé ìṣirò ọdọọdún lọ síwájú ilé-ẹjọ́ tí ó ń yẹ owó wò. Ọ̀nà méjì tí kò dọ́gba ni: owó tí ń gòkè lọ láti ọwọ́ púpọ̀, òfin fẹ́ ẹ, owó tí ń sọ̀kalẹ̀ láti ọwọ́ kan, òfin ń fura sí i. Àwa ni a ti yí i po. Àwọn ará wa ní Libreville, ní Èkó àti ní Paris tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé nítorí ìbò, tí wọ́n ń fi í sọ́wọ́ ẹnì kan láìgba ìwé kankan, ń fi owó ara wọn kọ́ ọ̀gá tí yóò jẹ gàba lórí wọn. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ̀yin ará wa. Bí ẹni tí ẹ fún lówó bá ní rìsíìtì kò sí, ẹ fi owó náà tún ilé bàbá yín ṣe.

Owó nìkan kọ́. Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù nínú ẹgbẹ́, tí kò sì ní ìlù, ni ti ẹni tí ń ṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò. Ó ní láti débẹ̀ kí agogo méje àárọ̀ tó lù, kí ó rí i pé àpótí ṣófo kí wọ́n tó tì í, kí ó jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó tún dúró nígbà tí wọ́n bá ń ka ìbò lójú gbogbo ènìyàn, kí ó fọwọ́ sí ìwé èsì, kí ó sì gba ẹ̀dà tirẹ̀ rìn lọ sílé nínú òkùnkùn. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ ní bí àríyànjiyàn bá dé. Níbi púpọ̀, ẹni tí wọ́n ń rán lọ ni ọ̀dọ́ tí ó gbà láti lọ nítorí owó ọjọ́ kan. A ti rí èyí tí ó sùn. A ti gbọ́ ti èyí tí ó fọwọ́ sí ìwé òfìfo kí ó lè tètè lọ jẹun. A kò bá wọn wí tán. Ẹni tí ó dé nítorí 5.000 fráǹkì, ẹni tí ó ní 10.000 lọ́wọ́ lè ní kí ó máa lọ. Ẹni tí kò ta ọjọ́ rẹ̀ rárá ni wọn kì í rí rà.

Iṣẹ́ wà fún àwa tí a kàwé náà. Àwọn ẹgbẹ́ ń kọ ètò wọn ní èdè Faransé tí àwa fúnra wa ní láti kà lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni yóò sọ ọ́ ní Nàgó fún àwọn àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ní Gùn fún àwọn ará Àjàṣẹ́, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí? Iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, kò gba owó. Ẹ̀kọ́ gírámà tí ìjọba fi owó púpọ̀ kọ́ wa ni a ó fi san án. Ààlà kan wà tí àwa kì í kọjá: a kì í gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wọ kíláàsì, a kì í gba ìdáwó lọ́wọ́ òbí tí ó wá béèrè nípa máàkì ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wà lábẹ́ ọwọ́ wa kò lè sọ pé rárá fún wa, ohun tí PRPB sì fi kọ́ wa tó.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ìdìbò ṣe ní 2019, ìjókòó 24 nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jẹ́ ti obìnrin, ọ̀kan ní agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá lọ sí ìpàdé ẹ̀ka, ẹ ó rí àwọn obìnrin lẹ́yìn ilé, nídìí ìkòkò; bí wọ́n bá fẹ́ yan orúkọ tí yóò lọ sókè, obìnrin tí a kò rí nídìí ìkòkò rí ni orúkọ rẹ̀ ń jáde. Oúnjẹ sísè láti òwúrọ̀ kùtù jẹ́ iṣẹ́ tí a yọ̀ǹda fún ẹgbẹ́. A kò rí akọ̀wé kan tí ó kọ ọ́ sínú ìwé rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ nígbàkúùgbà tí a bá sọ nǹkan wọ̀nyí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́ sọ ọ́ fún wa báyìí: “Tíṣà, ẹ ní kí n dáwó. Bí mo bá dá a tán, tí ọmọkùnrin náà wọlé, tí ó rékọjá sí ẹgbẹ́ kejì lọ́jọ́ kejì ńkọ́?” Àwọn akọ̀ròyìn wa ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní transhumance, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún màlúù tí ó ń ti àríwá sọ̀kalẹ̀ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ohun tí màlúù ń ṣe sí oko; kò sí ẹni tí ó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. A dá àgbẹ̀ náà lóhùn pé ẹran tí kò ní olówó ni ó ń lọ síbi tí koríko bá wà. Aṣòfin tí ẹnì kan ṣoṣo gbé owó rẹ̀ kalẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo náà ni yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ṣí lọ. Èyí tí ènìyàn ọgọ́ta ní ìwé dá owó fún, tí wọ́n mọ ilé ìyá rẹ̀, yóò ní láti kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọgọ́ta. Ó lè ṣí lọ síbẹ̀síbẹ̀. Àgbẹ̀ náà mi orí, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun gbà. Owó ìjọba tí òfin ti là sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ kò sì mú kí iṣẹ́ wa rọrùn: bí Kútọnù bá ti rí owó láti ọ̀dọ̀ ìjọba, tí ó sì rí ti ọlọ́rọ̀ kún un, kí ni yóò fi 200 fráǹkì wa ṣe? Kò nílò rẹ̀. Àwa ni a nílò láti san án.

Ẹ̀ka apá Kétu tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ka ìṣirò báyìí, ìwé náà sì wà lórí tábìlì fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí i. Nígbà tí a lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, ìjà kan ń lọ lọ́wọ́ tí a kò rò pé a ó bá. Wọ́n ti fẹnu kò pé ẹni tí ó bá san owó ọdún rẹ̀ nìkan ni yóò lè dìbò yan àwọn tí yóò ṣojú ẹ̀ka. Ọmọkùnrin kan tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe dìde, ó ní òun kò ní owó ṣùgbọ́n òun ni òun jókòó ní ibùdó ìdìbò láti òwúrọ̀ dé òru láìgba kọ́bọ̀. Oṣù mélòó ni ọjọ́ yẹn? Ẹnì kan ní oṣù mẹ́ta. Ẹlòmíràn ní ọdún kan gbáko. Ni ìyá aláàkàsà bá béèrè pé oúnjẹ tí àwọn sè lọ́jọ́ kan náà ńkọ́, oṣù mélòó ni tirẹ̀? Alága wo akápò, akápò wo akọ̀wé. Akọ̀wé ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ ìbéèrè méjèèjì sílẹ̀ fún ìpàdé tí ń bọ̀, ó fa ìlà sábẹ́ wọn, ó sì bi àwọn obìnrin pé ta ni àti ta ni ó wà nídìí ìkòkò lọ́jọ́ náà, kí òun lè kọ orúkọ wọn.